Gáùn Tí Àbúrò Mi Rán fún Màmá

Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi obìnrin. Màmá wa ló fi orúkọ náà sí wọn lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ kan ni màmá ti ń gbálẹ̀, kò sì sí ìgbà tí àwọn àti ẹlẹgbẹ́ wọn máa jókòó sinmi tí wọn ò ní sọ pé, “Télọ̀ mi? Kò sí irú aṣọ tí kò lè rán!” Àbúrò mi ń gbọ́, kò jiyàn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ sì ń bí mi di òní.

Òótọ́ ni pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló ń bá ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í rán odindi ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń rán tààrà, kọ́là àti àpò ni tirẹ̀. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ abẹ́rẹ́ méjì ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì kó lè lágbára. Ẹlòmíràn wà nídìí èyí tó ń gé etí aṣọ, tó sì ń fi òwú dì í lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà tú. Ìdí ẹ̀rọ tó ń dá ihò bọ́tìnnì ni wọ́n fi àbúrò mi sí lọ́jọ́ tó débẹ̀, ibẹ̀ náà ló ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Á tẹ́ aṣọ síbẹ̀, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ á rán yí ojú ihò náà ká, ọ̀bẹ kékeré kan á já wálẹ̀ láàárín, ó parí. Ó bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n gbé òun lọ sídìí ẹ̀rọ mìíràn. Ọ̀gá ní ọwọ́ rẹ̀ ti yá jù níbi tó wà. Irú ìyìn rádaràda wo nìyẹn? Wọ́n lo ìgbà èwe rẹ̀ tán, ihò nìkan ni wọ́n kọ́ ọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí màmá fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àwọn máa ṣe ìdágbére fún wọn. Ni màmá bá ṣí àpótí, wọ́n mú aṣọ búlúù kan jáde, èyí tí bàbá wa rà fún wọn kó tó kú. Wọn ò tíì rán an rí, ìwọ̀n gáùn kan péré sì ni.

“Télọ̀ mi, gbà. Gáùn tó ní bọ́tìnnì láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ ni kó o rán. Mo fẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

“Ó dáa, mà.”

Mo fà á lọ sẹ́yìn ilé. “Sọ òótọ́ fún wọn.”

“Bọ̀dá mi, kí ni kí n wá sọ? Pé irọ́ ni mo jẹ́ kí wọ́n máa pa kiri látọjọ́ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi panu mọ́.”

Ó lọ bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun rán an. Bí ọ̀gá bá ti jáde lọ jẹun ọ̀sán, eléyìí á gé e, tọ̀hún á so èjìká pọ̀, ẹlòmíràn á fi òwú di etí aṣọ náà. Wọ́n tún fi aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ìgbátí sí iwájú lápá ọ̀tún, nítorí apá ọ̀tún ló máa ń wà lókè bí obìnrin bá de bọ́tìnnì. Gáùn náà dára, kí n má purọ́. Ihò bọ́tìnnì nìkan ló kù, iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ó sọ fún mi pé inú òun dùn nígbà tí òun jókòó, pé ó kéré tán, ọwọ́ òun náà á wà níbẹ̀.

Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ́ gáùn náà kíákíá, ó ń tẹ ẹ̀rọ lọ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Apá òsì ló dá gbogbo ihò náà sí. Òsì ni ti ọkùnrin máa ń wà, ọ̀tún ni ti obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Ká ní rírán lásán ni, wọn ì bá tú u. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ti gé aṣọ bàbá wa, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù.

Kí ló tún lè ṣe? Ó gán bọ́tìnnì mọ́ apá ọ̀tún, ó gbé e wálé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdágbére, màmá wọ gáùn náà níwájú dígí, èmi àti àbúrò mi dúró tì wọ́n. Ọwọ́ wọn ń wá ihò lápá ọ̀tún, wọn ò rí i. Wọ́n dè é bó ṣe wà. Ìgbátí funfun wọlẹ̀ sábẹ́, ọrùn gáùn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá wo ara wọn nínú dígí títí, wọ́n wá yíjú sí àbúrò mi.

“Ta lo rán èyí fún?”

Àbúrò mi bú sẹ́kún. “Màámi, mi ò mọ aṣọ rán. Ihò bọ́tìnnì nìkan ni mo mọ̀, mo tún wá dá a síbi tí kò yẹ.”

Mo rò pé màmá á pariwo. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fọwọ́ na aṣọ náà lórí itan wọn. “Bàbá yín ló rà á,” ni wọ́n sọ. Wọn ò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe jáde.

Ní ilé ẹ̀kọ́ náà, àbúrò mi ń gbé ohun mímu kiri. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ wo gáùn màmá látòkè délẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Télọ̀, aṣọ ọkùnrin lẹ wọ̀ wá bá wa? Ṣé Télọ̀ yín náà ló rán irú èyí?”

“Ọmọ tèmi kẹ̀? Rárá o,” ni màmá dáhùn. Wọn ò wo ọ̀dọ̀ wa. “Télọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì kan ló bà á jẹ́ fún mi. Ọmọ mi ò ráyè ni. Ká ní òun ló rán an, ẹ̀ bá rí i!”

Obìnrin náà yíjú sí àbúrò mi, ó mú ohun mímu kan nínú àwo ọwọ́ rẹ̀. “Ó dáa, Télọ̀, ẹ̀rọ wo lo mọ̀ ọ́n lò jù níbi iṣẹ́ yín?”

Màmá ń wò ó.

“Gbogbo ẹ̀ ni, mà,” ni àbúrò mi dáhùn.