Ọwọ́ Ìyá Ẹlẹ́ja

Bí mo bá ti gbóòórùn ẹja yíyan, ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo máa ń rántí. Ìyá Ẹlẹ́ja là ń pè wọ́n ní Ifangni, ìlú wa ní Dàhòmì. Wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ sókè àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹja, wọ́n á ní, "Ó tó." Ẹja wọn kì í jóná, kì í sì í jẹrà.

Nígbà tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, èéfín ti ń ba ojú wọn jẹ́. Ọkọ wọn, Bàbá Ìbejì, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Igolo, ní òun á ṣe ohun tí á máa bá wọn ṣọ́ iná. Wọ́n kan irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ idẹ tẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá gbóná, á tẹ̀, á fa páànù kékeré kan bo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìdí iná, iná á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbóná wo ló tó? Wọ́n yá ohun tí dókítà fi ń wo ìgbóná ara aláìsàn, wọ́n tì í bọ inú àgbá. Ó fọ́ yángá.

Ìyá Ẹlẹ́ja rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá Ìbejì, ṣé ibà ló ń ṣe ẹja ni?"

Ni wọ́n bá na ọwọ́ wọn bí ìṣe wọn. Bí wọ́n ṣe ní "Ó tó" báyìí, ọkọ wọn fi ìṣó sàmì sí ibi tí irin náà tẹ̀ dé, wọ́n sì so páànù mọ́ ọn níbẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja ti kú. Táyé ọmọ wọn ló ń yan ẹja báyìí. Lánàá, mo jókòó tì í, páànù tí Bàbá Ìbejì so náà rọra bo ihò afẹ́fẹ́.

Táyé ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Màmá ní ó tó," ló wí.