Fọ́tò Tí Kò Gbọdọ̀ Já Bọ́

Àìsàn kan mú Bàbá Onífọ́tò ní apá òsì, apá náà kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Apá ọ̀tún ṣì pé, ojú ṣì ń ríran kedere, ẹnu sì ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó fẹ́ lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe kámẹ́rà rárá, kọ̀ǹpútà ni. Bí oníbàárà bá fẹ́ mú díẹ̀ nínú fọ́tò rẹpẹtẹ, ọwọ́ òsì ní láti tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, kí ọ̀tún máa fi máòsì ṣa fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òsì bá yọ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣà pòórá nìyẹn. Ọ̀tún ló ń wẹ òsì, òsì ló ń wẹ ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó sọ fún kọ̀ǹpútà pé ọ̀kan lè gba ìsinmi. Bàbá bá wá ẹni tó máa ra ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ Sátidé ni onítọ̀hún ń bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń fi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun, kò fẹ́ kí bàbá wá jókòó ti òun nílé láti àárọ̀ dalẹ́. Ó mọ irú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu bàbá náà. Ó kọ ètò mìíràn: tẹ fọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ìlà pupa á yí i ká, tún un tẹ̀, ìlà á kúrò. Ọwọ́ kan ti tó.

"Bàbá mi, ẹ dán an wò."

Bàbá ń ṣà á, inú rẹ̀ ń dùn bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá yẹ̀, ó tẹ àyè funfun tó wà láàárín fọ́tò méjì. Gbogbo ìlà pupa parẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Báyẹn ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe níbi gbogbo. Ẹni tó bá tẹ ibi òfìfo, kò fẹ́ ìkankan mọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún un? Èmi?" Bàbá nawọ́ sí ògiri. "Bí mo bá fara ti ògiri yẹn, ṣé gbogbo fọ́tò tó wà lára rẹ̀ á já bọ́ ni?"

Ọmọ la ẹnu láti fèsì, nítorí ọ̀mọ̀wé kì í sá fún àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ bàbá. Ó ti padà sórí máòsì. Ọwọ́ tó ń wá ibi tó máa sinmi lé ni, kò pàṣẹ kankan.

Ó fa àga mọ́ra. Kó tó di ọ̀sán, ibi òfìfo ti di òfìfo lóòótọ́: tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ tú gbogbo rẹ̀ ká, bọ́tìnnì kan wà lókè fún un, ìyẹn á sì kọ́kọ́ bi í pé ṣé ó dá a lójú.

Ní Sátidé, ẹni tó fẹ́ ra ṣọ́ọ̀bù bá bàbá àti oníbàárà kan, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, nídìí kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, ẹ fi eléyìí kún un."

"Ẹ dijú níbẹ̀ yẹn."

"Ojú ara mi náà ni. Ẹ fi kún un!"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́. Ìlà pupa yọ, àwọn tó kù ò sì mira.

Àlejò wúkọ́. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni mo bá wá."

"Ẹ káàbọ̀, ẹ wá àga jókòó." Bàbá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Ṣé ẹ̀yin nìkan ni ká yà, àbí ẹ̀yin àti ìyàwó?"