Ọ̀nà Àbùjá Ilé Ẹja Mẹ́ta

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ọdún 2019, wọ́n ti ilẹ̀kùn ńlá méjèèjì Ilé Ẹja Mẹ́ta pa ní àdúgbò Neubau, ní ìlú Vienna. Kò sí àríyànjiyàn lórí ọjọ́ náà: ó wà nínú ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ọ̀ọ́kán ibẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ohun tí ìkéde náà kò sọ ni pé Ottokar Wessely ló ti ilẹ̀kùn yẹn, ẹnu rẹ̀ ló sì fi tì í.

Iṣẹ́ ayẹ̀wò tíkẹ́ẹ̀tì ni Ottokar fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, kó tó fẹ̀yìn tì. Bí èrò kan bá ní òun kò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì òun ti kú, Ottokar á wò ó látòkè délẹ̀, á sì ní, "Ẹ ò mọ̀ ni?" Kì í ṣe pé ó ń béèrè nǹkan kan. Ó fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ yíjú wo onítọ̀hún ni. Kò dé ipò inspẹ́kítọ̀ rí, àmọ́ Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀ ni agbáwo ilé kọfí ń pè é, torí pé ní Vienna, ẹni tí kò bá ní oyè, agbáwo á gbé ọ̀kan fún un pẹ̀lú kọfí rẹ̀. Ottokar gbà á bí ẹni gba ẹ̀tọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní Graz, ọjọ́ Kérésì nìkan ló sì ń rántí pé bàbá òun ní tẹlifóònù. Ohun tó kù tó ń gbé ọkùnrin náà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ni àga kan lẹ́bàá fèrèsé ilé kọfí tó wà nísàlẹ̀ òkè. Níbẹ̀ ni òun, Ìyáàfin Hermine Pospischil tí í ṣe opó aránfìlà, àti Krenn alápatà ti máa ń ta káàdì ní gbogbo ọ̀sán. Ẹni mẹ́ta ni ayò náà ń fẹ́. Àga kẹta ni ti Ottokar.

Ṣùgbọ́n orí òkè ni Ottokar ń gbé, egungun ìbàdí ọ̀tún rẹ̀ sì ti jẹ, ó ń dùn ún. Ọ̀nà méjì ló mọ̀ dé ìsàlẹ̀. Èkíní ni àtẹ̀gùn òkúta kan tó gùn, tó dagun, tí àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ń sinmi lágbedeméjì rẹ̀. Èkejì ni àárín Ilé Ẹja Mẹ́ta: agbolé mẹ́ta tó so kọ́ra, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́, ó rọra ń dà sísàlẹ̀, èèyàn á sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé kọfí gan-an. Ilé ìkàwé kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ottokar, àmọ́ kò wọ̀ ọ́ rí. Ó ní àwọn tí kò níṣẹ́ ló ń lọ yá iná níbẹ̀.

Onílé kò fi ọ̀nà náà ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Pátákó kékeré wà lẹ́nu ilẹ̀kùn: "A yọ̀ǹda kí èrò kọjá. A lè gba ìyọ̀ǹda yìí padà nígbàkúgbà." Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ewé bá ń rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa fún ọjọ́ kan gbáko, kí òfin má baà sọ lọ́jọ́ iwájú pé ó ti di ọ̀nà gbogbo ayé. Ottokar mọ ọjọ́ náà bí ẹni mọ ọjọ́ ọdún. Ọjọ́ yẹn ló máa ń fọ aṣọ.

Nígbà tí òtútù ọdún yẹn lọ tán ni Valerie Brandl dé, ọmọbìnrin kan tó ń gba owó lọ́wọ́ àlejò láti fi "Vienna tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀" hàn wọ́n. Àlejò tó tó ogún ló ń wọ́ tẹ̀lé e, gbogbo wọn ló sì ń rìn bí olè tó ń yọ́ wọlé, bẹ́ẹ̀ pátákó ìyọ̀ǹda wà lẹ́nu ọ̀nà. Kànga gbígbẹ tó wà ní agbolé kejì ni wọ́n máa ń yí ká. Wọ́n á ya fọ́tò kànga, wọ́n á ya ti kẹ̀kẹ́ onílé, wọ́n á ya ti garawa ìdọ̀tí. Ẹni tó kàn yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá bọ́ síbẹ̀ á máa mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣàwárí orísun odò.

Ọjọ́ kan, Ottokar fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ dábùú ọ̀nà wọn.

"Ta ló sọnù nínú yín?"

"Ẹ káàsán, sà," Valerie dáhùn. "Ibi tí àwọn èèyàn ò mọ̀ là ń wò."

"Àwọn èèyàn wo? Ṣé ewúrẹ́ lèmi ni? Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń gba ibí lọ mu kọfí."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa, Bàbá."

"Bàbá ta ni? Ìtàn rẹ̀ ni pé ọ̀nà ni! Wọ́n ń gba ọ̀nà kọjá ni, wọn kì í yí i ká bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ya òun náà ní fọ́tò. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn míì dé, kànga kọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní bàbá tó ń bínú dà? Èrò ń pọ̀ sí i, Ottokar ń pariwo sí i, ariwo rẹ̀ ni wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ wá. Ẹni tó bá ní ọpọlọ ì bá ti panu mọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Wessely," Hermine sọ fún un lórí tábìlì, "ẹ gbẹ́nu dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta péré, ó máa sú wọn."

"Kí n gbẹ́nu dákẹ́ nínú ọ̀nà mi?"

"Ọ̀nà yín?" Krenn ń to káàdì lọ́wọ́. "Ṣé ọmọ náà tiẹ̀ ń fún yín nínú owó ìran tó ń fi yín ṣe?"

Ottokar sọ káàdì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ọ́fíìsì Dókítà Stuppacher lọ, ẹni tó ń bójú tó ilé náà fún onílé. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni onílé ti ń wá ẹni tó máa fẹ̀sùn kan ọ̀nà yẹn, kó lè rí ìdí tì í pa. Stuppacher fi àga lọ̀ ọ́ bí ẹni rí àna rẹ̀.

"Ẹ ti ibẹ̀ pa," Ottokar ní.

"Ṣé ó dá yín lójú, Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀?"

"Ẹ tì í gbọin! Àwọn aláìmọ̀kan yẹn ò gbọdọ̀ gbabẹ̀ mọ́."

"Ọ̀rọ̀ àgbà ni," Stuppacher dáhùn. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé tí a ń wí yìí, Ottokar bá Valerie àti èrò rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn títì. Wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ọn, àmọ́ Ottokar kò kà á. Ẹni tó mọ ohun gbogbo kì í kàwé ara ògiri. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n ń tì í lọ́dọọdún, ó sì gbà pé ìyẹn náà ni.

"Ẹ ti rí i? Ibi ìkọ̀kọ̀ yín ti kọ̀ yín," ó ní, ó sì fi ẹ̀rín pa ara rẹ̀ dé ilé. Ó fọ aṣọ.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti wẹ̀, ó ti dé fìlà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Obìnrin oníbúrẹ́dì ló ka ìkéde náà sí i létí: wọ́n ti gba ìyọ̀ǹda padà, títí ayé.

Ó pe Stuppacher. "Mo ní kí ẹ tì í mọ́ wọn! N ò ní kí ẹ tì í mọ́ mi."

"Ilẹ̀kùn ò mọ ojú èèyàn, Ọ̀gá Inspẹ́kítọ̀."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan."

"Àwọn tó ń gbé inú ilé la ń fún ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé inú ilé wa lẹ̀ ń gbé?"

Ottokar já fóònù náà. Nígbà tí Hermine pè é, ó ní òtútù mú òun. Ó tún pè, ó ní ojú ọjọ́ ò dáa. Hermine mọ̀ pé irọ́ ni, Ottokar sì mọ̀ pé Hermine mọ̀. Kò rọrùn fún un láti sọ pé òun ti ara òun mọ́lé. Ó jókòó sí yàrá, ó ń dá ta káàdì, ó ń jẹ ara rẹ̀ láyò, ó sì ń ṣépè fún àwọn àlejò tó ti gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá, tẹlifóònù kò dún mọ́, ìyẹn sì dùn ún ju ìbàdí lọ. Ó gba orí àtẹ̀gùn. Òjò ti mú òkúta yọ̀. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀ bí alákàn, àwọn ọmọdé ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń fò. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn ilé kọfí wọlé, òógùn àti òjò ti parapọ̀ lójú rẹ̀.

Valerie Brandl ló jókòó sórí àga kẹta. Káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Wessely," Hermine ní, kò dìde. "Ẹni mẹ́ta ni ayò yìí ń fẹ́. Ẹ ò fẹ́ wá. Ibí lọmọ yìí ti ń tú àwọn èrò rẹ̀ ká báyìí, ó wá jókòó tì wá."

"Ó ti ń jẹ mí láyò," Krenn ní. "Kò sì ń pariwo."

Agbáwo gbé àga kẹrin wá, ó gbé e sí ìdí ilẹ̀kùn níbi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ yìí kò pe Ottokar ní oyè kankan.

Valerie ń wo bàtà Ottokar tó kún fún omi, ó ń wo bó ṣe di ìbàdí mú. Kò sí ẹ̀gàn lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù.

"Ṣé orí àtẹ̀gùn lẹ gbà, Bàbá? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín? Ilé ìkàwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ní ilẹ̀kùn kan lókè, ó ní òmíràn nísàlẹ̀ níbí, lífìtì sì wà láàárín wọn. Ọ̀fẹ́ ni, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń gbà. Ẹ ò mọ̀ ni?"