Àgbo Ìdájí Ọjọ́ Ọsibítù

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira, mo ti mọ bí a ṣe ń ka ìmí ọmọ. Aago ọkọ mi ni mo fi ń ka ti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ó bá sùn, méjìdínlọ́gbọ̀n ni láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá sunkún, ètè rẹ̀ á dúdú bí aró, n kò sì ní lè kà á mọ́.

Ihò wà nínú ọkàn rẹ̀. Dókítà l'Ékòó fẹ́ ti ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín gba iṣan itan rẹ̀ dé ibẹ̀, kí ó lè mọ bí ihò náà ṣe tó. Ọmọ kò gbọdọ̀ mira, nítorí náà wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun. Mo bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè títí ó fi ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ mi ni?" Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé: ẹni tí oògùn gbé lọ kò lè wúkọ́ dáadáa, bí ohun inú ikùn bá gòkè, ẹ̀dọ̀fóró ló máa wọ̀. Ikùn ọmọ gbọdọ̀ ṣófo. Mo délé ní Ìkòsí, mo sọ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má fún un lóúnjẹ.

Ìdájí ni èmi àti ìyá ọkọ mi gbé e wọ bọ́lẹ́kájà ní Kétu. Ní ọsibítù, wọ́n bèèrè bóyá ó ti jẹun.

"Kò fẹnu kan oúnjẹ láti àná," ni ìyá ọkọ mi wí.

Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ rẹ̀, mo rí àbàwọ́n pupa lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń rùn bí èèpo igi.

"Ìyá, ṣé ẹ rọ ọ́ lágbo?"

"Kí a tó jáde ni. Ọmọ wo ló ń ti ilé wa rìnrìn àjò láìmu àgbo? Àgbo kì í kúkú ṣe oúnjẹ."

Oṣù mẹ́rin la ti fi dúró de ọjọ́ yẹn. Wọ́n ti ń gbé e lọ. Mo di nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ikùn rẹ̀ kò ṣófo."

Ìyá ọkọ mi wò mí bí ẹni tí mo tú láṣọ ní gbangba. Dókítà ní ká máa lọ, àwọn á dá ọjọ́ mìíràn.

Bí a ṣe ń padà sílé, kí ọkọ̀ tó dé Ọjọ́ta, ọmọ bì. Omi pupa náà bo ọwọ́ ìyá ọkọ mi méjèèjì. Ọmọ wúkọ́ títí ó fi rí èémí mí.

"Ìyàwó, ká ní ó ń sùn ńkọ́?"

Mo fi etí aṣọ mi nu ọwọ́ Ìyá.

Nígbà tí ọjọ́ tuntun tí wọ́n dá fún wa pé, ìyá ọkọ mi ló dojú ìkòkò àgbo dé, òun ló jókòó ti ọmọ. "Omi pàápàá, ẹ má fún un!" Ní ọsibítù, kí wọ́n tó bèèrè ohunkóhun, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ náà mọ́, ó sì gbẹ.

Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ jáde, ó ṣì ń sùn. Mo yọ aago, mo ka ìmí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Ìyá. Méjìdínlọ́gbọ̀n."