Bàbá Dúpẹ́, Ìtàn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Yẹn Kò Tíì Parí

Bàbá Dúpẹ́, ọkọ mi, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ti dákẹ́. Háà! Ilé wa ní Ìfọ́n ti pa rọ́rọ́. Àga yín ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí i.

Akọ̀wé káńsù ni gbogbo ìlú mọ̀ yín sí, ẹni tí kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, tí kì í jágbe mọ́ ẹni tó bá wá síwájú tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo bá yín gbé mọ ohun tí ẹ fẹ́ràn jù lẹ́yìn Ọlọ́run àti àwọn ọmọ: ìwé ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọdé. Bí ẹ bá lọ kí àwọn ará ilé ní Ọ̀wọ̀, iṣu ni mo máa ń retí, ìwé lẹ máa ń gbé bọ̀, òmíràn kò tilẹ̀ ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Ẹ ó fi bébà kàlẹ́ńdà ìjọ bò ó, ẹ ó jókòó tì í.

Mo bi yín nígbà kan pé kí ló dé tí àgbàlagbà ń ka ìwé ọmọdé. Ẹ ní, "Ìyá Dúpẹ́, láti àárọ̀ ni mo ti ń ka fáìlì àwọn àgbà, ìjà ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Nínú ìwé yìí, bí ọmọ bá sọnù, wọ́n á wá a."

Ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nínú ẹkún mi. Ẹ rántí ìgbà tí àwọn kan nínú ìjọ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹ ti wọ ẹgbẹ́ awo, torí wọ́n rí yín tí ẹ ń sunkún lórí ìwé tí kò ní orúkọ lẹ́yìn. Kátíkíìsì fúnra rẹ̀ wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá kí n wò ó." Ó ṣí i, ó bá àwòrán kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó dé fìlà. "Ẹ̀gbọ́n! Èyí lẹ ń sunkún sí?" Ẹ ní, "Ẹ jókòó ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ rí." Ilẹ̀ ṣú bá Kátíkíìsì níbẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá, ó jókòó sáàárín àwọn ọmọ àdúgbò tó wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu yín.

Bí Sátidé ṣe di ọjọ́ ìwé nílé wa nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé, èdè Ọ̀wọ̀ ló ń jáde lẹ́nu yín. Lọ́dún yìí, ẹ tún mú ìwé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ jáde fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí ẹ dé ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ẹ ní kí wọ́n fọkàn wo òwú àràbà tó ń fò káàkiri, kó wá tutù ju omi àmù lọ. Ràṣídà, ọmọ télọ̀ tó múlé tì wá, bi yín pé, "Bàbá, ṣé ó ṣe é fi mu gààrí?" Ẹ rẹ́rìn-ín títí gíláàsì ojú yín fi já bọ́.

Ẹ kì í ka orí tó gbẹ̀yìn lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìyókù. Bí wọ́n bẹ̀ yín títí, ẹ ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní ohun tí a ó máa retí." Ibẹ̀ lẹ dá a dúró sí: ọmọbìnrin inú ìwé náà àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ wà nínú yìnyín, iná ilé wọn ń tàn lókèèrè. Kí Sátidé mìíràn tó dé, ẹ ti lọ.

Mo rò pé kò sẹ́ni tí yóò wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá. Kátíkíìsì gbé àpótí rẹ̀ dání. Ràṣídà bi mí pé, "Ìyá, ṣé inú òtútù yẹn náà ni wọ́n máa wà?" Mo wọlé lọ sunkún.

Mo ti rí ìwé náà lórí tábìlì yín. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí ẹ fi sàmì sí i kò tíì kúrò. Ìwé Módà, èyí tí a ń kà lẹ́yìn pírámárì láyé ìgbà náà, ni mo kà, Gẹ̀ẹ́sì mi ń falẹ̀, ṣùgbọ́n Kátíkíìsì ní òun yóò bá mi gbé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo.

Ẹ máa sinmi, Bàbá Dúpẹ́, ọmọ Ọ̀wọ̀, àgbà tí ọmọdé kì í sá fún. Ẹ sùn ire lọ́dọ̀ Olúwa. Ní Sátidé tó ń bọ̀, tí àlejò bá ti lọ tán, èmi yóò jókòó sórí àga yín, n ó ka orí tó kù fún wọn. Bí ó bá parí, n ó mú ìwé mìíràn.

Ìyá Dúpẹ́, aya yín