Ẹlẹ́rìí tí Aṣòfin Fúnra Rẹ̀ Pè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń sọ pé ìwọ́de kì í so èso, ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì pẹ́. Ẹni tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì wà láàyè ní Ìjan.

Nígbà tí àwa tíṣà yan iṣẹ́ lódì, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjan kan ló ń bá wa gbé pátákó káàkiri àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó. Ẹnu rẹ̀ dùn. Àwa náà la sọ ọ́ di aṣòfin. Èmi gan-an kiri Ọjà Ọba títí ohùn mi fi há. Ó wọlé tán, ó gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Owó tí ìjọba fi sílẹ̀ fún kíláàsì tuntun nílùú rẹ̀, ó gbé e mì. Àwọn ọmọ ń kàwé lábẹ́ igi máńgòrò, òjò ń lé wọn lọ sílé. Àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí, wọ́n kọ́ ọ o. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ló tà.

A wọ́de títí ó fi dé kóòtù ní Adó. Lọ́yà rẹ̀ mọ ẹnu lò, ẹ̀rù sì ń bà wá pé yóò mú un bọ́. Ìgbà náà ni aṣòfin pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀: àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó dá a lójú pé ẹni tó pọn òun kò ní sọ òun kalẹ̀ lójú ọjà. Ẹbí sì ti bẹ Màmá yìí títí pé kó gbè é.

Lọ́yà bi í bóyá iṣẹ́ ń lọ lórí kíláàsì náà. Màmá wo ọmọ rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Ulé kankan ò sí níbẹ̀. Ọmọ mi lèyí. Àwọn tí òjò ń pa, ọmọ mi náà ni wọ́n.”

Mo sunkún níbẹ̀, n ò tijú. Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n. Àwa ń jó. Màmá kò bá wa jó. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ iyán ló ń gbé lọ fún un lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ náà kò yọjú sí i. Màmá tún lọ.

Kíláàsì náà kò tíì parí títí di òní, ọrùn gbogbo wa ló sì wà. Síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé irú obìnrin yìí wà láàárín wa. Lọ́jọ́ tí ọmọkùnrin náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó ní kó dárí ji òun.

Màmá ní, “Èmi ti dárí jì ọ́ tipẹ́. Lọ bẹ àwọn tó wà lábẹ́ máńgòrò.”

Ó dìde, ó sì lọ.