Igi Etí Òkun ní Ìpótì

Fún ọdún mẹ́fà, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìpótì wà, nítorí èmi ni mo ń to òdòdó síwájú pẹpẹ. Aránṣọ ni mí, n kò tíì lọ́kọ nígbà náà, ẹnu mi sì mú. Láàárín àwọn ìyá ìjọ, kò sí ohun mìíràn tí mo lè fi yangàn ju àwo òdòdó méjì yẹn lọ.

Abẹ́ ìpínlẹ̀ Òndó la ṣì wà, ìjọba sì lè gbé olùkọ́ láti etí òkun Ìlàjẹ wá sáàárín òkè tiwa láìbi í léèrè. Bí ọ̀gá iléèwé tuntun kan ṣe dé nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Misísì, gbé ẹ̀ka igi kan wá láti ilé wọn nínú àpò ìrẹsì tí ó bu iyẹ̀pẹ̀ tútù sí, ó sì gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Láàárín ọdún mẹ́ta, igi náà ti ga ju òrùlé lọ. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, n kò rántí mọ́. Mo kàn rántí pé ó ní wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fi ṣe okùn lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn igi tí òyìnbó gbìn síwájú ilé míṣọ̀n máa ń tanná lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀. Ti Misísì kò mọ ìgbà. Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan pé kí n wá wo nǹkan. Ní àárọ̀, òdòdó náà yẹ́lò bí ìyeyè, inú rẹ̀ nìkan ló dúdú díẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó ti ń pọ́n bọ̀. Nígbà tí oòrùn fi ń wọ̀, ó ti pupa bí osùn. Ó ní kó tó di ọjọ́ kejì gbogbo rẹ̀ á ti já sílẹ̀, tuntun á sì ti là.

"Àbúrò mi, òdòdó kan náà ni o," ló wí. "Kódà tí o bá já a sínú omi, bó ṣe máa ṣe nìyẹn."

Kò sí ẹlòmíràn tó bá a wò ó. Ará ìlú wa kì í gbójú sókè wo igi tí kò bá so kòkó tàbí obì.

Nígbà tí ọdún Àjíǹde ń bọ̀, àlùfáà wa sọ níwájú gbogbo ìjọ pé kí Misísì bá wa to òdòdó lọ́dún yìí, pé tirẹ̀ rẹwà. Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà! Kò sẹ́ni tó sọ pé temi rẹwà rí.

Lọ́dọ̀ wa, funfun àti yẹ́lò nìkan là ń gbé síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Àjíǹde. Pupa di ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, òdòdó Misísì ń dán, gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Lẹ́yìn ìsìn, ó dì mí lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, bá mi ṣílẹ̀kùn láago mẹ́rin. Mo fẹ́ kó wọn kúrò kí wọ́n tó pọ́n, kí n fi ìmọ̀ ọ̀pẹ rọ́pò wọn."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá."

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì, mo wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Odò-Ọwá, mo jẹ ìrẹsì, mo sì jókòó pa síbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé mo gbàgbé ni. N kò gbàgbé.

Agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ ti ń dún nígbà tí mo dé. Misísì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti làágùn, èrò sì ti pé lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Àwo méjèèjì níwájú pẹpẹ pupa fòò.

Bàbá àgbà tó jẹ́ wọ́dìn wa yíjú sí wa. "Ìsí ó wọ ulé Ọlọ́run yí lẹ́yìn usìn àárọ̀?"

Misísì kúnlẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò wọlé, Bàbá. Òdòdó àárọ̀ náà ni. Ó máa ń pàwọ̀ dà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ìyá kan sì pòṣé pé ṣé òdòdó náà ń pààrọ̀ aṣọ ni. Misísì wá nawọ́ sí mi. "Ẹ bi àbúrò mi yìí. Ó ti rí i rí."

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi látàárọ̀, Bàbá." Òtítọ́ sì ni.

"Òdòdó ńkọ́?" Bàbá tún bi mí.

"Mi ò mọ̀."

Wọ́n gbà pé Misísì ti gé kọ́kọ́rọ́ kejì, pé ó wọlé lọ pààrọ̀ òdòdó láti fi ìjọ ṣe ẹlẹ́yà. Kò sẹ́ni tó pè é lólè lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kejì wọ́n ra àgádágodo tuntun. Àwọn obìnrin kò jókòó tì í mọ́. Ọkọ rẹ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíràn, wọ́n sì gbà fún un ní ìparí táàmù.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. N kò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀rọ. Ó gbé ẹ̀ka igi kan, tó fi aṣọ tútù wé, sórí tábìlì.

"Ìwọ nìkan lo bá mi wò ó látàárọ̀ dalẹ́," ló wí. "Bá mi tọ́jú ẹ̀."

Mo wá èébú nínú ohùn rẹ̀, n kò rí. Ì bá bú mi, ì bá ṣẹ́ èpè fún mi, ara ì bá tù mí. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ìtìjú bò mí débi pé n kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ki ẹ̀ka náà bọ omi nínú korobá lẹ́yìnkùlé. Lọ́jọ́ kẹta ó yọ ewé kékeré méjì. Mo wá rò ó: tó bá dàgbà lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́ á rí i pé Misísì ò purọ́. Wọ́n á sì mọ ẹni tó purọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ki ẹ̀ka náà bọ iná ìdáná. Ó tutù, kò tètè jó. Mo jókòó tì í, mo ń koná mọ́ ọn, títí ó fi jó tán.